Ẹ Má Fi Àṣà Bo Ìyà Ìwọlé Mọ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ti di bárakú lẹ́nu àwọn tó ti gba yunifásítì kọjá, ìbáà jẹ́ Parakou ni wọ́n ti jáde, ìbáà jẹ́ Abomey-Calavi tàbí Ìbàdàn. Bí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ mú ọmọ tuntun rákòrò lóru, pé wọ́n da omi ẹrẹ̀ lé e lórí, pé wọ́n nà án, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní: "Àwa náà jẹ ẹ́, a kò kú." Bí ìyá ọmọ bá pariwo, wọ́n á ní kó má sọ ọmọ rẹ̀ di ọ̀lẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ọlọ́pàá tàbí kóòtù, àwíjàre á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ara wọn. Wọ́n á ní àwọn baba ńlá wa náà kì í gba èèyàn sínú awo láìdán an wò. Wọ́n á ní ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló gbà. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni, kí ilé-ìwé yanjú rẹ̀, kí òfin má ba ayé ọ̀dọ́ jẹ́.

Mo takò wọ́n lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó sì dùn mí jù ni ti àkọ́kọ́, nítorí àṣà tí wọ́n pè wá ṣe ẹlẹ́rìí yìí gan-an ló ń dá wọn lẹ́bi. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá mú ọmọ wọnú ìdánwò ló ń dúró jẹ́jọ́ ọmọ náà. Ìyà ìwọlé tí wọ́n ń fi akẹ́kọ̀ọ́ tuntun jẹ, èyí tí àwọn tó kàwé Faransé ń pè ní bizutage, kò ní ẹni tó ń dúró jẹ́jọ́. Oró rẹ̀ wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí òfin ti mú un.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa ní Bassila àti Manigri, ní Benin, ju bí a ṣe rò lọ. Kò sí yunifásítì tí ọmọ Manigri tó ń sọ Nàgó nílé, tàbí ọmọ Bassila tó ń sọ Anii, lè máa ti ilé bàbá rẹ̀ lọ láàárọ̀ kó sì padà wálé lálẹ́. Bó bá ti yege BAC, ìdánwò ìparí girama, ó di kó kó ẹrù lọ sí Parakou, tí wọ́n dá yunifásítì rẹ̀ sílẹ̀ ní 2001, tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Abomey-Calavi, níbi tí yunifásítì ti wà láti 1970. Owó kajú àti owó iṣu ló ń gbé e lọ. Nígbà tó bá débẹ̀, kò mọ ẹni tó ń yá yàrá, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, kò mọ olùkọ́ tó le àti èyí tó rọ̀. Àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó dé lọ́nà báyìí, kò sí ohun tí wọn kò lè ní kó ṣe.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ àṣà yẹ̀ wò, nítorí òun ni wọ́n fi ń pa àgbà lẹ́nu mọ́. Òótọ́ ni pé awo wa ní ìdánwò. Ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ nífá kì í wọ igbódù bí ẹni tó ń lọ sóde ijó. Ọmọ tí wọ́n ń dá abẹ́ fún ń jẹ̀rora. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ń gba èébú, ìgbájú sì lè dé bá a. N kò ní purọ́ pé oyin ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Ìtẹ̀fá ní olúwo, ó ní ojùgbọ̀nà; ìdílé mọ ẹni tí wọ́n fi ọmọ lé lọ́wọ́, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí yóò jáde. Olóòlà tó dá abẹ́ fún ọmọ kì í sá lọ lẹ́yìn tó bá ti nu ọ̀bẹ rẹ̀ tán. Òun ló ń kán omi ìgbín sójú egbò, òun ló ń padà wá wò ó bóyá ó ti ń jinná, bí egbò náà bá sì kẹ̀, òun ni gbogbo àdúgbò yóò máa dárúkọ. Bàbá tó mú ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí kápẹ́ńtà, òun àti ọ̀gá yóò jókòó, ẹlẹ́rìí yóò wà níbẹ̀, wọn yóò dá iye ọdún. Bí ọdún bá sì pé, ìdásílẹ̀ á di ariwo ayọ̀ tí ará ilé àti ará òde jọ jẹ, tí wọ́n jọ mu. Bí ọmọ bá fara pa kí ọjọ́ náà tó pé, bàbá rẹ̀ kò ní béèrè ibi tí yóò gbà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni yóò lọ tààrà.

Ẹ wá wo ti yunifásítì. Òru ni. Ẹni tó ń nani kò ní orúkọ, ìnagijẹ ló ní. Ará ilé kò gbọ́. Kò sí oògùn níbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ọmọ náà ní ikọ́ fée tàbí àrùn ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ṣètò gbogbo rẹ̀ fi ọdún kan péré ju ẹni tó ń nà lọ, kò sì mọ̀ ju ohun tí wọ́n fi ṣe òun náà lọ́dún tó kọjá. Bí ọmọ bá ṣubú lulẹ̀, bí ọ̀rọ̀ wọn yóò ṣe dọ́gba lẹ́nu ni wọ́n á kọ́kọ́ wá, kí wọ́n tó wá ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n á ní awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, kí awo má baà ṣubú ni. Èyí tó ti ṣubú, tí wọ́n wá fẹnu bo ikú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ta ló gbé e nígbọ̀nwọ́?

Bí ẹnìkan bá sì fi hàn mí pé awo kan láyé àtijọ́ pa ọmọ láìsí ẹni tó jẹ́jọ́ rẹ̀, èsì mi kò le: ìyẹn náà burú. Pípẹ́ tí ohun burúkú pẹ́ kò sọ ọ́ di rere.

Àwọn míì á ní ìyà ló ń so ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀. Ìyà tó ń so èèyàn pọ̀ wà lóòótọ́, àwa àgbẹ̀ sì mọ̀ ọ́n: àáró ni. Lónìí a ó bá ọ kọ ebè, ọ̀la ìwọ náà á wá kọ tèmi; òógùn tí mo là lóko rẹ, ìwọ gan-an lo máa là á padà lóko mi. Gbèsè ìyà ìwọlé kì í padà sọ́dọ̀ ẹni tó jẹ ẹ́. Ẹni tó nà ọ́ lónìí kò ní gbà á padà lọ́wọ́ rẹ láéláé. Ọmọ tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ ni ìwọ yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ tí kò jẹ ọ́ ní kọ́bọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè tán láàárín ara wọn. Ní ti ẹni tó ní òun jẹ ẹ́, òun kò kú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè jẹ́ ẹ̀rí, nítorí àwọn tó kú kò sí níbi ìpàdé láti wí tẹnu wọn.

Bí àṣà kò bá bí i, níbo ló ti wá? Ní ilẹ̀ Yorùbá, a mọ ibẹ̀. Ní 1952 ni Wọlé Ṣóyínká àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà míràn dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ ní University College, Ìbàdàn. Olè ojú òkun ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n fi sọ ara wọn lórúkọ. Ohun tí wọ́n ní àwọn ń bá jà ni ìgbéraga àwọn ọmọ ọlọ́lá àti ẹ̀mí ẹrú tí òyìnbó gbìn síni lára. Ète náà kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1980, ẹgbẹ́ ti bí ẹgbẹ́, Buccaneers, Ẹyẹ, Black Axe, Vikings, ohun tó sì bẹ̀rẹ̀ bí àwàdà ọmọ ilé-ìwé ti di ohun tí ìyá ń gbààwẹ̀ lé lórí. Pyrates fúnra wọn kéde ní 1984 pé àwọn kúrò nínú ọgbà yunifásítì. Àwọn tó kù kò bá wọn kúrò.

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 10 oṣù Keje, 1999, àwọn agbébọn tí wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ Black Axe ni wọ́n wọ inú Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. George Iwilade, tí gbogbo ọgbà ń pè ní Afrika, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wà lára wọn. Wọ́n mú àwọn kan, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, ẹjọ́ dé kóòtù. Títí di òní, kò sí ẹni tó ń ṣẹ̀wọ̀n nítorí ẹ̀jẹ̀ márùn-ún yẹn.

Ẹnìkan lè dá mi dúró níbí, kó ní ìpànìyàn Ifẹ̀ kọ́ ni ìyà ìwọlé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n gbà wọlé. Kò sí ẹgbẹ́ òkùnkùn tó ń kọ́kọ́ fún ọmọ ní ìbọn. Ẹgba ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, wọ́n sì wò ó bóyá yóò sọ. Ẹni tó gba ẹgba tí kò sọ ti fi hàn wọ́n pé òun kò ní sọ nígbà tó bá kan ohun tó ju ẹgba lọ. Wọ́n ní ìgboyà ni ìyà ìwọlé ń kọ́ni. Pípa ẹnu mọ́ ló ń kọ́ni. Ìgboyà ni kí ọmọ dìde láàárín èèyàn ogún kó ní, "Èmi kò ṣe é." Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ máa ń lé jáde.

Ó kan àwíjàre kejì, pé ọmọ náà ló gbà. Ẹ jẹ́ ká rìn jìnnà díẹ̀. Florida A&M jẹ́ yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, báńdì rẹ̀ sì lókìkí. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá, 2011, lẹ́yìn ìdíje bọ́ọ̀lù kan ní Orlando, Robert Champion, ọmọ ọdún 26, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú báńdì náà, wọ inú bọ́ọ̀sì kan láti gba àárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí wọ́n máa lù ú bó ṣe ń kọjá. Ó kú lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní kóòtù, àwọn agbẹjọ́rò àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní fúnra rẹ̀ ló wọlé, iyì ló ń wá. Òfin ibẹ̀ kò gbà á gbọ́. Láti 2005, lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti rì sínú adágún Yunifásítì Miami ní 2001, òfin Florida ti sọ ọ́ gbangba pé gbígbà tí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ gbà kì í ṣe àwíjàre. Ẹni tí wọ́n ń pè ní olórí bọ́ọ̀sì náà gba ẹ̀wọ̀n oṣù 77. Ọ̀rọ̀ náà kò sì tán sórí ọ̀dọ́ nìkan: ààrẹ yunifásítì náà fi ipò sílẹ̀ ní 2012, báńdì kò sì gbérin títí di 2013.

Faransé, níbi tí a ti jogún ọ̀pọ̀ ìlànà òfin wa, sọ ohun kan náà láti oṣù Kẹfà 1998. Ẹni tó bá mú akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ohun ìtìjú tàbí ohun àbùkù, ìbáà jẹ́ ó wu ọmọ náà, ìbáà jẹ́ kò wù ú, ó ti ṣẹ̀. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni, owó ìtanràn rẹ̀ lónìí sì lè tó 7,500 euro. Bí ẹni tí wọ́n ṣe é fún bá jẹ́ aláìlera, ó di ìlọ́po méjì. Òfin náà tún gbà pé wọ́n lè pe ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́.

Kí ló dé tí àwọn aṣòfin wọ̀nyí kò fi ka "mo gbà" sí? Nítorí wọ́n mọ irú ẹni tó sọ ọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlógún láti Manigri, tó sùn lórí ẹní nínú yàrá àgbà akẹ́kọ̀ọ́ kan, tí kò ní ibòmíràn tí yóò sùn, tí ẹni mọ́kànlá yí ká ní aago kan òru, kí lẹ fẹ́ kó sọ? Kí "bẹ́ẹ̀ ni" tó lè ní ìtumọ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe fún un láti sọ "rárá" kó sì rí ibi sùn. Bó bá sì ṣe pé ó fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, ṣé a fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti pa ẹni tó ní kí wọ́n pa òun?

Àwíjàre kẹta ni pé kí ilé-ìwé yanjú rẹ̀. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ìdílé Sanda Dia. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹni ogún ọdún ni, ní KU Leuven ní Bẹ́ljíọ̀mù, ọmọ ẹni tó ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wá síbẹ̀. Ó fẹ́ wọ Reuzegom, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ọlọ́lá. Ní oṣù Kejìlá 2018, wọ́n fún un ní ọtí àmujù, wọ́n ní kó mu òróró ẹja, wọ́n mú un jókòó sínú kòtò omi tútù nini. Iyọ̀ pọ̀ jù lára rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù náà. Ìjìyà tí yunifásítì kọ́kọ́ fún àwọn tó wà níbẹ̀ ni iṣẹ́ àṣesìnlú ọgbọ̀n wákàtí àti àròkọ kan lórí ìtàn irú ìyà bẹ́ẹ̀. Àròkọ! Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù tó ga ní Antwerp, ní oṣù Karùn-ún 2023, ni wọ́n tó pe ikú náà ní orúkọ rẹ̀: wọ́n dá ẹni 18 lẹ́bi pé wọ́n ṣekú pa á láìpète, wọ́n sì hùwà àbùkù sí i. Kò sí ẹni tó lọ sẹ́wọ̀n. Iṣẹ́ àṣesìnlú láàárín 200 sí 300 wákàtí ni, pẹ̀lú ìtanràn 400 euro. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú pé ó kéré jù, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n kí àwọn tó ń bẹ̀rù pé òfin yóò jẹ ọ̀dọ́ run wò ó dáadáa. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọgbọ̀n wákàtí àti ìdájọ́ ni pé ìdájọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú gbogbo ayé. Yunifásítì kò lè sọ ọ́, nítorí orúkọ rẹ̀ wà nínú ẹjọ́ náà, ẹlẹ́jọ́ kì í sì í dá ẹjọ́ ara rẹ̀.

N kò ní kí òfin le títí kó fi já. Nàìjíríà ti fi ìyẹn dán an wò. Ìwé òfin àgbà wọn ti 1999, ní ẹ̀ka 38, kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti dá ẹgbẹ́ awo sílẹ̀. Ní 2021, Èkó sọ ìjìyà ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn di ẹ̀wọ̀n ọdún 21. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn kò ṣíwọ́, nítorí ọmọkùnrin tó ń na ọmọ lóru kì í ka iye ọdún tó wà nínú ìwé. Ohun tó ń rò ni bóyá wọ́n máa rí òun mú. Oṣù mẹ́fà tó dájú ń dẹ́rù bà á ju ọdún mọ́kànlélógún tí kò dé bá ẹnìkankan lọ.

Ní Benin ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé a ń dúró de òfin. Ìwé òfin àgbà ti 11 oṣù Kejìlá 1990 sọ ní ẹ̀ka 15 pé olúkúlùkù ló ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí rẹ̀ àti ara pípé. Ní ẹ̀ka 18, ó ní a kò gbọ́dọ̀ fi ìyà ìkà tàbí ìyà àbùkù jẹ ẹnikẹ́ni. Kò ní "àfi bó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun." Ìwé òfin ìjìyà ti 2018 ka lílù àti ṣíṣeni léṣe sí ẹ̀ṣẹ̀, kò sì yọ ọgbà yunifásítì sílẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lójú, ará ìlú lè kọ̀wé fúnra rẹ̀ sí Kóòtù Òfin Àgbà ní Cotonou, ìwé òfin sì fún kóòtù náà ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti dá a lóhùn. Ìyá tó ń ta gààrí lẹ́bàá ọ̀nà Djougou lè mú akọ̀wé kan bá a kọ ọ́. Òfin wà. Àwa la ń fi ojú ìtìjú wo ẹni tó bá lò ó.

Ohun tó kù jẹ́ tiwa. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Parakou àti ní Calavi, tó ń gba àwọn ọmọ Bassila àti Manigri lálejò, kí wọ́n ṣe é lọ́sàn-án gangan, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni méjì tí yóò dáhùn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà fóònù wọn sì wà lọ́wọ́ òbí kí ọmọ tó wọ mọ́tò. Kí yunifásítì máa kéde lọ́dọọdún ìyà tí wọ́n fi jẹ ọmọ tuntun àti ẹgbẹ́ tó ṣe é. Amẹ́ríkà sọ èyí di dandan ní òpin 2024 fún àwọn yunifásítì tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀. Kí olùkọ́ tó gbọ́ tí kò sọ mọ̀ pé òun náà wà nínú rẹ̀, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ti àwa òbí, kí a sọ fún ọmọ kó tó lọ pé bó bá kọ̀ láti rákòrò, kò tíì tẹ́, àti pé bí wọ́n bá lé e jáde nínú yàrá lóru, kó pè wá, a ó wá a.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ti àwọn baba ńlá wa ni ẹ ń ṣe, ẹ jẹ́ ká gbà fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ mú àṣà náà pé: ẹ mú ojùgbọ̀nà wá, ẹ mú ẹlẹ́rìí wá, ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ mọ̀, kí ẹ sì dúró nígbà tí egbò bá kẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dán ọmọ wa wò, kó kọ́kọ́ sọ orúkọ rẹ̀ fún wa. Bí kò bá lè sọ ọ́, kó sọ ọ́ fún adájọ́ ní Djougou.